Ẹ́kísímà Kò Ní Ìpara Ọjọ́ Mẹ́ta

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń tọ́jú awọ ara ní ìlú wa, ẹ má tíì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ lọ dúró níwájú kẹ́míìsì kan ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Kò ní pẹ́ tí ìyá kan yóò fi mú ọmọ rẹ̀ dé, tí yóò ká apá aṣọ ọmọ náà sókè, tí yóò sì fi kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ han ẹni tó dúró lẹ́yìn káńtà. "Dókítà, ẹ bá mi wo nǹkan tó ń yún ọmọ yìí lára. Kì í jẹ́ kó sùn." Ẹni tí ó pè ní dókítà kì í ṣe dókítà, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ ṣe apòògùn tó gba ìwé ẹ̀rí. Yóò wo apá ọmọ náà ní ìṣẹ́jú kan, yóò nawọ́ sí orí pẹpẹ, yóò sì gbé ìpara kan kalẹ̀. "Ẹ máa fi èyí pa á láàárọ̀ àti lálẹ́. Kó tó di ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó rí iṣẹ́ rẹ̀." Ìyá yóò sanwó, yóò dúpẹ́, yóò sì máa lọ. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé òótọ́ ni ọkùnrin yìí sọ. Tí yóò bá fi di ọjọ́ kẹta, ara ọmọ á ti jọ̀lọ̀.

Èmi náà ti bá wọn ta irú ìrètí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo wà ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ojú ewé ìlera wà lábẹ́ àbójútó mi fún ìgbà díẹ̀, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í gbé ìpolówó àgbo tàbí ìpara tó ń wo "gbogbo àrùn awọ ara" jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn dókítà. Owó ìpolówó wọ̀nyẹn wà lára ohun tí a fi ń gba owó oṣù. A mọ̀ pé àsọdùn ni, a sì ń tẹ̀ ẹ́. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn ìyá ọlọ́mọ ni mo fẹ́ dá lẹ́bi nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwa Yorùbá ní orúkọ fún oríṣiríṣi ohun tí ń bá awọ ara jà: kúrúnà, làpálàpá, èélá, ìrorẹ́, ẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́kísímà kò ní orúkọ kan pàtó tí tolórí tẹlẹ́mù mọ̀ ọ́n sí. Nítorí náà, orúkọ àwọn yòókù ni a fi ń pè é, bí a bá sì ti ṣi orúkọ pè, ìtọ́jú ti ṣìnà nìyẹn. Bí ó bá yọ roboto lára, a ó ní làpálàpá ni, a ó sì lọ já ewé àsùnwọ̀n òyìnbó. Ewé náà kò jẹ̀bi. Irú èbu kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa làpálàpá, àwọn tó sì yẹ ewé yìí wò nínú ilé ìwádìí ti rí i pé ó lè dá irú èbu bẹ́ẹ̀ dúró. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àmọ́ kì í ṣe èbu ni ó ń fa ẹ́kísímà, ewé náà kò sì ní ohun tí yóò bá jà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òru ni ó ń yún ọmọ jù, a ó ní kúrúnà ni, a ó sì fi kànìnkànìn ha á lára títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Kòkòrò tíńtìntín tó ń gbẹ́ ihò sí abẹ́ awọ ló ń fa kúrúnà, ó sì ń ràn: bí ara bá ń yún gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ó sì pọ̀ láàárín ìka ọwọ́, kúrúnà ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ni, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ sì ní àsímà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Kí wá ni ẹ́kísímà? Awọ ara dà bí ògiri. Àwọn bíríkì kéékèèké ló tò lé ara wọn, ọ̀rá sì ni amọ̀ tó so wọ́n pọ̀. Ògiri yìí ni kì í jẹ́ kí omi inú ara gbẹ, òun náà ló sì ń dí ọ̀nà mọ́ eruku, ọṣẹ àti àwọn kòkòrò àìfojúrí. Lára ẹni tó ní ẹ́kísímà, ògiri náà ti sán. Omi ń bá ibẹ̀ jáde, ohun tí kò yẹ kó wọlé ń wọlé, àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara sì ń dìde ogun sí ohun tí kò tó ogun. Ìjà abẹ́ awọ yẹn ló ń mú kí ojú ibẹ̀ gbóná, kó wú, kó sì máa yún. Ọmọ á họ ọ́. Bí ó bá ti họ ọ́, ògiri á tún sán sí i; bí ó bá sán sí i, á tún máa yún. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Dundee ní Scotland, lábẹ́ ìdarí Irwin McLean, fi hàn pé àbùkù lára àbùdá kan tó ń pèsè èròjà filaggrin, èyí tó wà lára ohun tó mú ògiri náà dúró, ń mú kí ènìyàn tètè ní ẹ́kísímà. Àbùkù náà wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Yúróòpù. Kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ àwa náà ń ní àrùn yìí dáadáa. Èyí fi hàn pé ọ̀nà tí ògiri ń gbà sán ju ẹyọ kan lọ.

Nítorí náà, kò sí "ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe àìmọ́tótó ìyá. Kì í ràn rárá, olùkọ́ tó bá sì ní kí ọmọ ẹlẹ́kísímà lọ jókòó lẹ́yìn kíláàsì kí ó má baà kó o ran àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìkà láìmọ̀. Mo tún fẹ́ kí a ṣọ́ra nípa oúnjẹ. Lóòótọ́, àwọn ọmọ kan wà, pàápàá àwọn ọmọ ọwọ́ tí tiwọn le gan-an, tí ara wọn kọ ẹyin tàbí wàrà tàbí ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn ìyá tó gba ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti wàrà lẹ́nu ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí ohun tí aládùúgbò sọ, títí ọmọ fi rù, ara rẹ̀ sì ń yún an síbẹ̀. Dókítà ló yẹ kó sọ irú oúnjẹ tí a ó yọ.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwa aláwọ̀ dúdú mọ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ. Àwọn ìwé ìṣègùn máa ń sọ pé ojú ẹ́kísímà máa ń pọ́n. Lára ọmọ òyìnbó nìyẹn. Lára ọmọ tiwa, ó lè rí bí eérú, ó lè dúdú kọjá ibi tó yí i ká, ó lè fara jọ àwọ̀ àlùkò. Nígbà mìíràn ó máa ń yọ ṣóńṣó-ṣóńṣó bí ara adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hú ìyẹ́ rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ tí a ti ń họ ọ́, ibẹ̀ á nípọn bí awọ bàtà. Dókítà tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti inú àwòrán àwọn òyìnbó nìkan lè wò ó kó má mọ bí ó ti le tó. Ọmọ Zimbabwe kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní St George's ní Lọ́ńdọ̀nù, Malone Mukwende, ṣàkíyèsí àléébù yìí nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ, òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ méjì sì gbé ìwé "Mind the Gap" jáde ní ọdún 2020, láti fi bí àrùn ṣe ń hàn lára aláwọ̀ dúdú han àwọn oníṣègùn. Ọdún 2020! Ẹ rántí pé ó ti pẹ́ kí ó tó di ìgbà náà tí àwọn ọmọ wa ti ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Peckham àti ní Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí náà ló gbé wa dé ibi tí ọfọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ́kísímà bá rọlẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú, ó máa ń fi àmì sílẹ̀, yálà dúdú tàbí funfun, tí ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó parẹ́. Àmì náà kì í ṣe àrùn mọ́. Ṣùgbọ́n òun ni aládùúgbò ń rí, òun ni ìyàwó ń tìtorí rẹ̀ bo apá lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òun sì ni ó ń lé ìyá padà sí kẹ́míìsì láti béèrè fún ohun tí yóò mú ara ọmọ dán. Ohun tí wọ́n sì ń gbé fún un kì í yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Kí ló wà nínú ìpara náà? Ẹ yí páálí rẹ̀, kí ẹ ka lẹ́tà kéékèèké tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, oògùn mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀: ọ̀kan tó ń pa èbu, ọ̀kan tó ń pa kòkòrò bakitéríà, àti sítẹ́rọ́ìdì kan, clobetasol tàbí betamethasone. Ìdí tí òǹtajà fi fẹ́ràn rẹ̀ yé mi: kò nílò láti mọ ohun tó ń ṣe ọmọ. Ó dà bí ọdẹ tó yin ìbọn sínú igbó láìrí ẹran. Sítẹ́rọ́ìdì inú rẹ̀ ló ń mú ara jọ̀lọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, nítorí pé ó ń pa iná ìjà abẹ́ awọ. Àmọ́ clobetasol wà ní ìpele tó lágbára jùlọ nínú gbogbo sítẹ́rọ́ìdì tí a ń fi pa ara. Agbára rẹ̀ ju ti hydrocortisone lọ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà. Òun kan náà ni àwọn tó ń bóra ń lò, nítorí pé ó ń mú awọ mọ́lẹ̀. Dókítà lè fún àgbàlagbà fún ọ̀sẹ̀ méjì, sí àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti nípọn. Ojú ọmọ ọdún méjì kì í ṣe àyè rẹ̀.

Bí a bá ń lò ó lọ láìdúró, awọ á fẹ́lẹ́ bí bébà, ìlà á máa ya sí i, iṣan ẹ̀jẹ̀ á hàn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bá ojú ni, ó lè ba ojú jẹ́. Lára ọmọdé, ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ débi tí ó fi lè dí ìdàgbàsókè lọ́wọ́, tí ara ò sì ní lè ṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ làpálàpá ni, kì í ṣe ẹ́kísímà, sítẹ́rọ́ìdì á bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí èbu náà ń tàn káàkiri lábẹ́lẹ̀, tí dókítà pàápàá kò fi ní tètè dá a mọ̀. Bí a bá sì dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì lẹ́yìn oṣù púpọ̀, gbogbo ara lè máa jóni bí ẹni pé a da omi gbígbóná sí i. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Bìrìtéènì kìlọ̀ nípa ìṣòro ìkẹyìn yìí ní ọdún 2021.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ àbúrò mi obìnrin wà ní ọmọ oṣù mẹ́jọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní irú ìpara yìí. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi pa á lójú. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dáwọ́ dúró, ó ń padà wá pẹ̀lú agbára, àbúrò mi á sì tún lọ ra òmíràn, ó ń rò pé oògùn kò tíì tó ni. Ìgbà tí irun wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí hù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ni ó tó pè mí lórí fóònù. "Bùọ̀dá mi, ẹ má bínú o, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá dókítà." Títí di òní, ìtìjú tó wà nínú ohùn rẹ̀ ń dùn mí ju irun náà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti ibẹ̀ sáré lọ sí ìdàkejì. Àwọn kan ti gbọ́ pé sítẹ́rọ́ìdì burú, wọ́n sì kọ̀ ọ́ pátápátá, ọmọ wọn ń fi gbogbo òru họra. Láti ọdún 1952, tí Marion Sulzberger àti Victor Witten ti kọ̀wé nípa bí hydrocortisone ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí awọ ara, oògùn yìí ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìyà. Ibi tí a ń pa á sí, agbára rẹ̀ àti iye ọjọ́ tí a fi ń lò ó ni gbogbo ọ̀rọ̀. Èyí tí kò lágbára ni ti ojú àti ti ọmọ ọwọ́. Èyí tó lágbára díẹ̀ ni ti apá àti ẹsẹ̀. A ó lò ó títí ibẹ̀ yóò fi rọlẹ̀, a ó sì dúró. Àwọn dókítà ní ìwọ̀n kan tó rọrùn: èyí tí a bá tẹ̀ jáde láti ṣóńṣó ìka ìfábẹ̀lá àgbàlagbà dé oríkèé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó láti pa ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì pẹ̀lú àwọn ìka. Fún ẹni tí tirẹ̀ kì í pẹ́ padà wá, dókítà lè ní kí ó máa pa á sójú ibẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Oògùn tacrolimus náà wà, tí kì í mú awọ fẹ́lẹ́, tó sì dára fún ojú àti ọrùn.

Iṣẹ́ tó tóbi jù kò sí nínú sítẹ́rọ́ìdì, ó wà nínú dídí ògiri tó sán. Níbí, ilẹ̀ wa kò tòṣì. Òrí wà. Òrí tó mọ́, tí a kò fi lọ́fíńdà tàbí kàfúrà sí, dára gan-an. Fasilíìnì náà dára. Lójoojúmọ́ ni a ó máa fi pa ara, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà ara ń yún tàbí kò yún, pàápàá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí ọmọ bá ti wẹ̀ tán tí ara rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ má fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú omi, ẹ gbé kànìnkànìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn sí èyí tó kàn: ẹ fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀ fún ọmọ yìí. Omi eérú ni a fi ń ṣe é, ó ń bọ́ ọ̀rá kúrò lára, ọ̀rá yẹn gan-an ni amọ̀ ògiri tí à ń sọ. Bákan náà ni omi apakòkòrò tí a ń dà sínú omi ìwẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, kí a fi kún òrí. Bí ojú ẹ́kísímà bá ń ṣomi, tí ó ní èépá àwọ̀ ìyeyè, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ó di ti dókítà. Bí ìléròrò kéékèèké tó ń dunni bá sì yọ sí i lójijì pẹ̀lú ibà, ẹ má dúró di ọ̀la.

Nígbà tí ìròyìn oògùn tuntun bá dé, inú mi máa ń dùn, ó sì máa ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2017 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ dupilumab fún àgbàlagbà tí ẹ́kísímà wọn le, èyí tó ń lọ bá ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ara gan-an. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Manchester lè rí i gbà láti ọwọ́ ìjọba bí tirẹ̀ bá le tó. Ẹni tó wà ní Òṣogbo kò lè dá a dáwó lé. Kì í sì í wo àrùn náà sàn tán, ó ń kó o níjàánu ni. Àní nílẹ̀ àwọn olówó, kò sí ẹni tó ń ta ìwòsàn ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni àrùn yìí ń fúyẹ́ lára wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Àwọn mìíràn á bá a gbé títí.

Ìyẹn ni mo ṣe ń bínú sí àwọn tó ní àṣẹ lọ́wọ́. Àjọ NAFDAC ti kígbe lórí ìpara ìbóra léraléra, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n clobetasol kan náà ń bẹ lórí pẹpẹ kẹ́míìsì gbogbo ní orúkọ oògùn, ẹnikẹ́ni lè rà á láìmú ìwé dókítà dání, àní ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Ní ọdún 2018, ìjọba Íńdíà, níbi tí ìyọnu yìí náà ti wà, pàṣẹ pé kí a má ta àwọn ìpara sítẹ́rọ́ìdì alágbára láìsí ìwé dókítà mọ́. Àṣẹ nìkan kò tó, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú àṣẹ máa ń rí lọ́jà. Síbẹ̀, ó yẹ kí a ní in, kí a sì kọ́ àwọn tó ń ta oògùn ní ìbéèrè mẹ́ta péré tí wọn yóò bi ìyá kí wọ́n tó nawọ́ sí pẹpẹ: Ó ti tó ìgbà wo? Ta ni ó tún ń yún nínú ilé? Kí ni ẹ ti ń pa sí i? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìpàdé àgbáyé lórí ìlera ní Geneva fẹnu kò pé kí àrùn awọ ara wà lára ohun tí àwọn ìjọba yóò mú ní ọ̀kúnkúndùn. Mò ń dúró láti gbọ́ ohun tí ìjọba tiwa yóò fi ṣe.

Ọmọ àbúrò mi ti pé ọdún márùn-ún báyìí. Irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlẹ̀. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí yún un, ìyá rẹ̀ á sì gbé agolo òrí sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọmọ náà ti ń dá a pa fúnra rẹ̀, ó sì ń fi èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ pa bèbí rẹ̀.